Ọjọ́ kan ṣoṣo ní Marseille

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ lọ sí Marseille nílẹ̀ Faransé, ọjọ́ kan péré la sì ní, torí náà aago mẹ́jọ àárọ̀ ò tíì lù tá a ti wà ní Vieux-Port, èbúté àtijọ́ tó wà láàárín ìlú gangan. Àwọn Gíríìkì ló tẹ ìlú yẹn dó ní nǹkan bí ọdún 600 kí wọ́n tó bí Jésù, àmọ́ àwọn ẹlẹ́ja ni mo kọ́kọ́ rí ní tèmi, ẹja ṣì ń jà pìtìpìtì nínú abọ́, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń pe oníbàárà, àfi bíi Makoko! Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí ná an, mo ní "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo lẹ ti máa sè é, ṣé nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì ni?"

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni òrùlé irin kan tó ń dán bíi dígí wà, tí Norman Foster, ayàwòrán ilé ará Bìrìtìkó, ṣe ní 2013, tó o bá gbójú sókè wàá rí ara ẹ tó dorí kodò. Fọ́tò la yà níbẹ̀ títí.

A gba Le Panier, àdúgbò àtijọ́ kan lórí òkè létí èbúté yẹn, kọjá, ọ̀nà tóóró-tóóró, aṣọ lórí okùn lójú fèrèsé, ó wù mí gan-an. Apá tó sún mọ́ omi ò jọ ti òkè o, torí àwọn ará Jámánì fi bọ́ǹbù wó o palẹ̀ ní 1943 nígbà Ogun Àgbáyé Kejì lẹ́yìn tí wọ́n lé àwọn èèyàn kúrò nílé.

Ibi tí mo ti ṣàṣejù ni Notre-Dame de la Garde. Ṣọ́ọ̀ṣì ni, orí òkè tó ga tó mítà 140 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà, bọ́ọ̀sì sì ń gbé èèyàn lọ, ẹ̀gbọ́n mi ní ká wọ̀ ọ́, èmi alágídí ní ẹsẹ̀ la máa fi gùn ún. Ha! Ká tó débẹ̀ mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tá a wọlé, àwọn ọkọ̀ ojú omi kéékèèké ló so rọ̀ lókè, àwọn atukọ̀ tí òkun ò gbé lọ ló fi dúpẹ́, wọ́n tún gbẹ́ ọpẹ́ wọn sára òkúta káàkiri ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìdúpẹ́ rèé kẹ̀, aṣọ ẹbí ló kù."

Nírọ̀lẹ́ a yà nídìí ọlọ́ṣẹ. Ọṣẹ Marseille yẹn, onígun mẹ́rin gbàgìdì, wọ́n á tẹ 72% sí i lára, ìyẹn bí epo inú ẹ ṣe pọ̀ tó. Mo ń ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n mi pé epo òyìnbó tó ń jẹ́ ólífì nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ níbí láyé ọjọ́un, epo pupa wa náà wà níbẹ̀, oníṣòwò ará Marseille kan, Victor Régis, ti ní ilé ìṣòwò ní Ouidah ní Benin láti 1841, tó ń ra epo. Ẹ̀gbọ́n mi kàn ń wò mí.

"Epo wa lo wá ń fi yúrò rà padà yẹn?"

Mo ra mẹ́ta ṣá.