Kernel mi tó ń ṣe bí àbíkú

Sátidé, ìrọ̀lẹ́

Kernel kékeré (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) tí mo ń fọwọ́ ara mi kọ fún x86, irú CPU tó wọ́pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ti ń tan dáadáa, ó sì ti ń ka dísìkì. Àmọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń rí i pé ó máa ń há nígbà míì tí mo bá tan án nínú QEMU, ètò tó ń ṣe bí odindi kọ̀ǹpútà. Á kọ "ata: kika sekito 0" síta (ata ni apá tó ń bá dísìkì sọ̀rọ̀), kẹ́kẹ́ á sì pa mọ́ ọn lẹ́nu. N ó pa á, n ó tún un tan, á lọ geere bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe é.

Kí n má baà máa fojú díwọ̀n, mo kọ script kan tó ń tan án léraléra. Bí kò bá rí "setan" lórí serial, ọ̀nà tí kernel ń gbà kọ ọ̀rọ̀ síta, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 5, ó kà á sí èyí tó há. Nínú 200 ìgbà, 7 ló há.

Sọ́ńdè

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi print (ìlà tó ń kọ ibi tí iṣẹ́ dé síta) sí ibi gbogbo. Bí mo ṣe fi ẹyọ kan sẹ́yìn ibi tí mo ti ń fi àṣẹ 0x20 ("ka dísìkì") ránṣẹ́ sí port 0x1F7, ẹnu ọ̀nà dísìkì, bọ́ọ̀gì náà pòórá. 200 ìgbà, kò há rárá. Mo yọ print náà, ó padà dé. Inú bí mi, mo dìde lọ jẹ ẹ̀bà.

Ìdí ẹ̀bà ni mo wà tí mo fi rò ó pé print yẹn kì í ṣe oògùn, àkókò ló ń jẹ. Lórí ẹ̀rọ gidi, serial tó ń lọ ní bit 115200 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan máa ń lo bíi microsecond 87 lórí lẹ́tà kan. QEMU náà ní tirẹ̀ tó ń jẹ lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó ní láti jẹ́ pé nǹkan méjì kan ló ń bá ara wọn sáré, tí print mi sì ń jẹ́ kí ọ̀kan máa borí.

Túsìdeè, òru

Nígbà tó há lónìí, n kò pa á. Mo bọ́ sínú monitor QEMU, ibi tí a ti ń yẹ inú ẹ̀rọ náà wò, mo tẹ info registers. Ní ìparí ìlà tí RIP (ibi tí CPU dé nínú kóòdù) wà, HLT=1. CPU ti sùn. Ibi tó sùn sí nìyí (hlt ló ń mú CPU sùn títí interrupt, ìyẹn ìpè láti ara ẹ̀rọ míì, á fi jí i; disk_done máa ń di 1 bí dísìkì bá parí):

while (!disk_done)
    hlt();

(Ẹni tó bá fẹ́ bèèrè: bẹ́ẹ̀ ni, disk_done ní volatile, inú mẹ́mórì ni CPU ti ń kà á ní gbogbo ìgbà.)

Mo wá fi àṣẹ x wo disk_done fúnra rẹ̀ nínú mẹ́mórì. Ohun tí mo ń retí ni 0. 1 ni mo bá níbẹ̀. Mo tún un wò. 1 náà ni.

Dísìkì ti parí iṣẹ́, IRQ 14 (interrupt dísìkì) ti dé, handler mi (kóòdù tó ń dá a lóhùn) ti kọ 1 sílẹ̀, síbẹ̀ CPU ń sùn lọ ràì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé: CPU yẹ disk_done wò, ó bá 0. Kó tó tẹsẹ̀ dé orí hlt, interrupt wọlé, handler kọ 1, ó dá CPU padà síbi tó bá a. Hlt ló sì kàn níbẹ̀. Ló bá sùn, ó ń retí àlejò tó ti wá tó sì ti lọ. N kò tíì tan timer (aago tó ń fi interrupt pe CPU léraléra) nígbà yẹn, kò sí interrupt míì tó máa jí i. Ká ní timer ti ń lù ni, á jí, á tún wò, èmi ò sì ní mọ̀ láéláé pé mo kọ ìkọkúkọ.

Wẹ́sìdeè

Àtúnṣe rẹ̀ nìyí (cli ń tilẹ̀kùn mọ́ interrupt, sti ń ṣí i, sti_hlt sì ni sti àti hlt léra wọn):

cli();
while (!disk_done) {
    sti_hlt();
    cli();
}
sti();

Adùn rẹ̀ ni pé sti kì í ṣílẹ̀kùn lójú ẹsẹ̀. Lórí x86, bí interrupt bá wà ní títì tẹ́lẹ̀, CPU kò ní gbà á títí instruction tó tẹ̀ lé sti yóò fi parí. Bí hlt bá wá lẹ̀ mọ́ sti, interrupt tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà á bá CPU lórí hlt, á sì jí i. Inú asm (àṣẹ CPU tí mo kọ ní tààrà) kan ṣoṣo ni mo kó àwọn méjèèjì sí, torí compiler, ètò tó ń sọ kóòdù di èdè ẹ̀rọ, lè ti nǹkan bọ àárín wọn bí mo bá kọ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ó ku ìdánwò. Bí nǹkan bá ń há ní 7 nínú 200, tó wá lọ geere ní 130 ìgbà, ó ṣì ku bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kó jẹ́ oríire lásán. Ní 2023, Richard W.M. Jones, ẹlẹ́rọ kọ̀ǹpútà ní Red Hat, tan kernel Linux ní ìgbà 292,612 lórí bọ́ọ̀gì irú èyí. Èmi fi tèmi sí 2,000. Ní 1,140, iná lọ. Bátìrì fà á dé 1,612, òun náà kú.

Tọ́sìdeè, àárọ̀

Mo tún un bẹ̀rẹ̀ láti òdo. 2,000, ẹyọ kan kò há.

Mo wá fi grep wá hlt nínú gbogbo kóòdù náà. Ibi mẹ́ta míì ni mo ti kọ irú while yẹn, ti keyboard sì wà lára wọn. Òun ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní.