Ẹ̀fọn tó ń jẹni lójúmọmọ

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ibà dẹ́ńgì yìí ń ká mi lára o, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì rò pé téèyàn bá ti so nẹ́ẹ̀tì sórí bẹ́ẹ̀dì ó ti parí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọn Aedes aegypti tó ń gbé e kiri, ojúmọmọ ló ń jẹni. Omi díẹ̀ tó kù sínú ìdérí ìgò ti tó o láti yé sí, ẹyin ọ̀hún á lẹ̀ mọ́ ara ike, omi á gbẹ, oṣù mélòó kan á kọjá, òjò á dé, ẹyin á pa! Ìdí nìyẹn tí dída omi nù nìkan ò fi tó, àfi kéèyàn fọ ara ike náà dáadáa.

Oríṣi mẹ́rin ni kòkòrò àrùn tó ń fa dẹ́ńgì, tí ọ̀kan bá ti mú èèyàn rí tí òmíràn tún wá mú un, ìkejì yẹn lè le ju ti àkọ́kọ́ lọ, ohun tó sì jẹ́ kí àjẹsára rẹ̀ ṣòro ṣe nìyẹn.

Àmọ́ ní Yogyakarta, Indonesia, wọ́n tú ẹ̀fọn tó ní bakitéríà Wolbachia nínú sílẹ̀, kò rọrùn fún dẹ́ńgì láti gbilẹ̀ nínú irú ẹ̀fọn bẹ́ẹ̀, àrùn náà sì fi ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Irú ẹ̀ ló yẹ kí ìjọba náwó lé, ju kí wọ́n kàn máa fín èéfín kiri títì.