Kí Àpótí Tẹ́ńdà Tó Ṣí

Ọjọ́ tí a bá ń ṣí àpótí tẹ́ńdà, ìyẹn ìwé tí àwọn agbaṣẹ́ṣe fi sọ iye tí wọ́n máa gbà ṣe iṣẹ́, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ nínú iṣẹ́ ìràjà ìjọba. Àwọn agbaṣẹ́ṣe á jókòó, a ó já ìwé wọn níṣojú gbogbo wọn, a ó sì ka orúkọ ilé-iṣẹ́ àti iye owó sókè, gẹ́gẹ́ bí òfin ìràjà ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2007 ṣe pa á láṣẹ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti di ọ̀gá ní ẹ̀ka ìràjà àjọ wa, mo ti rí i pé kí àpótí náà tó ṣí, wọ́n lè ti gbé iṣẹ́ fún ẹnìkan tipẹ́, inú ìwé tí a fi ṣàpèjúwe ohun tí a fẹ́ rà ni wọ́n sì ti máa ń gbé e fún un.

Ní ọdún kan, ẹ̀ka kan kọ̀wé sí wa pé àwọn nílò jẹnẹrétọ̀. Wọ́n kọ agbára rẹ̀, ìwọ̀n táńkì epo rẹ̀, gígùn àti ìbú rẹ̀ dé orí mìlímítà, títí kan àwọ̀ tó gbọ́dọ̀ ní. Nígbà tí mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àwọn tó ń tà á, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló bá a mu, bí aṣọ tí wọ́n wọn ara ẹnìkan rán. Wọn kò dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà rárá. Mo dá ìwé náà padà.

Ẹnjiníà tó kọ ọ́ wá bá mi. “Mádáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ọdún ti ń parí lọ. Bí a kò bá ná owó yìí, àpò ìjọba ló ń padà sí.” Òótọ́ ló sọ, nítorí òfin ní a gbọ́dọ̀ polówó tẹ́ńdà fún ọ̀sẹ̀ 6 ó kéré tán, àkókò kò sì dúró dè wá. Mo bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ fi jẹnẹrétọ̀ náà ṣe. Ó ní láti máa fún yàrá kọ̀ǹpútà wa níná ni. Mo ní kó kọ ìyẹn sílẹ̀: iye iná tí yàrá náà ń lò, àti wákàtí tí ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́ láìsinmi. Inú rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n ó tún un kọ, agbaṣẹ́ṣe márùn-ún ló sì díje.

Ìdí tí mo fi takú ni pé òfin náà kò ní kí a kàn gbé iṣẹ́ fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù lẹ́yìn àyẹ̀wò, láàárín àwọn tó kún ojú òṣùwọ̀n, ló ni ín. Bí òṣùwọ̀n náà bá ti wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ohun tí a bá ṣe lẹ́yìn rẹ̀ yóò bófin mu, ayẹ̀wéowówò yóò dé, kò sì ní rí àléébù kankan. Pípín iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́ kí ó lè bọ́ sábẹ́ iye owó tí òfin là kalẹ̀ pé iṣẹ́ tó bá kọjá rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìlànà tó le jù, rọrùn láti rí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 5 ni fún òṣìṣẹ́ tó bá ṣe é, kò sì lè san owó ìtanràn dípò rẹ̀.

Bí mo bá wà lára ìgbìmọ̀ tó ń fọ̀rọ̀ wá ẹni tó fẹ́ irú ipò yìí lẹ́nu wò, ìwé àpèjúwe tó ti dá padà rí, àti ìdí tó fi dá a padà, ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Ìwé méjèèjì tí ẹnjiníà náà kọ ṣì wà nínú fáìlì kan náà. Ọdún 10 ni òfin ní kí a fi tọ́jú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí n ti fẹ̀yìntì kó tó pé.