Ohun Tí Mo Fi Ń Fọ Gírísì Kúrò Lára Alùpùpù, àti Ohun Tí N Kò Jẹ́ Fi Fọ̀ Ọ́ Mọ́

Àbàwọ́n dúdú kan wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì ẹ́ńjìnnì alùpùpù mi. Ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, kò sì sí ọṣẹ tàbí kànrìnkàn tí mo fi fá a tó ṣí. Àwọn zemidjan, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà, tó máa ń dúró létí ọjà níbí ní Kétu ti ilẹ̀ Benin a máa bi mí bóyá iná ló jó o. Iná kọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é, lọ́jọ́ tí mo rò pé mo gbọ́n.

Ẹni tó bá ń gun alùpùpù láti Kétu lọ sí Ìlárá mọ ohun tí ilẹ̀ pupa ń ṣe. Nígbà ọyẹ́, eruku náà a máa wá ibi tí epo bá ti jò díẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì fi ṣe ilé. Òun àti epo á pò pọ̀ di ẹrẹ̀ dúdú tó lẹ̀ bí ọ̀dà. Bí ẹrẹ̀ yìí bá wà lára ṣéènì, iṣẹ́ tí ọlọ ń ṣe lára ata ló ń ṣe lára irin. Bí ó bá sì bo àwọn irin pẹlẹbẹ tó yọ síta lára ẹ́ńjìnnì, ooru kò ní rí ọ̀nà jáde, nítorí afẹ́fẹ́ nìkan ló ń bá wa fẹ́ irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe nítorí fáàrí ni mo ṣe ń fọ̀ ọ́.

Àbúrò ìyá mi obìnrin ń fi sóòdù àti àdín se ọṣẹ. Láti kékeré ni mo ti ń wo bí epo ṣe ń di ọṣẹ nínú ìkòkò rẹ̀, ibẹ̀ sì ni mo ti rí ọgbọ́n mi fà yọ: bí sóòdù bá lè sọ epo di ọṣẹ, tí gírísì sì jẹ́ epo, a jẹ́ pé bí mo bá ta sóòdù sára gírísì, gírísì náà yóò di ọṣẹ fúnra rẹ̀, yóò sì bá omi lọ. Mo bu omi sóòdù díẹ̀ sínú agolo tòmátì láìsọ fún un, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sára ẹ́ńjìnnì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Inú mi dùn, mo rò pé ọṣẹ ló ń ṣe lójú mi. Nígbà tí mo da omi sí i, ọ̀pọ̀ gírísì náà ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ irin tó ń dán tẹ́lẹ̀ ti ṣú, ó sì rí ṣákaṣàka lọ́wọ́.

Mo gbé e lọ han àbúrò ìyá mi náà. Wọn kò pariwo. Wọ́n wò ó, wọ́n ní: «Sóòdù tó ti pàdé epo là ń pè ní ọṣẹ, ọmọ mi. Èyí tí kò tíì pàdé epo, ohun tó bá rí ni yóò jẹ.»

Ohun tó rí jẹ lọ́jọ́ náà ni alumíníọ̀mù. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń dáàbò bo alumíníọ̀mù. Sóòdù a máa bó awọ náà, yóò sì máa jẹ irin tó wà lábẹ́ rẹ̀, gáàsì haidirójìn tó ń jáde nígbà náà ló sì ń hó tí mo ń pè ní ọṣẹ. Àṣìṣe kejì ló wá jinlẹ̀ jù. Àdín, epo pupa àti òróró ẹ̀pà, ìbátan ni gbogbo wọn, sóòdù sì lè sọ wọ́n di ọṣẹ. Epo inú ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ara wọn. Inú ilẹ̀ ni a ti wà á, kò sì sí bí a ṣe lè fi sóòdù sè é tí yóò di ọṣẹ. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ń bọ́ ọ̀rá kúrò lára ìkòkò àti ààrò fi lè má rí nǹkan kan ṣe sí ṣéènì, àfi kó ba irin jẹ́.

Epo ilẹ̀ ló ń tú epo ilẹ̀. Kẹrosíìnì ni mo fi ń ṣe é báyìí. Mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa nítorí àwọn ará wa tó ń ti Mẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà wá: ohun tí ẹ̀yin ń pè ní kẹrosíìnì ni àwa ń fi ẹnu àwọn Faransé pè ní pétrole, ohun tí ẹ ń pè ní bẹntiróòlù sì ni tiwa ń jẹ́ essence. Ẹni tó bá dé ìdí igbá epo lẹ́bàá títì ní Kétu tó sì béèrè petrol, ó lè jẹ́ èyí tí wọ́n ń bù sínú àtùpà ni yóò gbé lọ.

Àwọn kan yóò ní essence ń ṣiṣẹ́ yá ju kẹrosíìnì lọ, kpayo, ìyẹn essence fàyàwọ́ tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, kò sì jìnnà. Òótọ́ ni, ó yá. Àmọ́ èéfín rẹ̀ lè gbiná kódà nínú òtútù, benzene, kẹ́míkà kan tó wà nínú rẹ̀, sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí ń fi ọwọ́ bọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, iná sọ níbi tí wọ́n kó kpayo sí ní Kraké lágbègbè Sèmè, ẹ̀mí tó lé ní 30 ló sì bá a lọ. N kò lè máa bu irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ìyàwó mi. Kẹrosíìnì náà kì í ṣe omi o: bí ó bá ti gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 38 Celsius, èéfín rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbiná, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀sán wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí i. Nítorí náà, òwúrọ̀ kùtù ni mo ń fọ alùpùpù, kí ẹ́ńjìnnì tó ríná rárá.

Bí owó bá wà, ẹ lè ra èyí tí wọ́n kọ dégraissant, ìyẹn ohun ìbọ́ gírísì, sí lára. Wọ́n dára, àmọ́ ẹ wo ara ìgò kí ẹ tó sanwó, pàápàá bí Faransé kò bá yé yín. Bí ẹ bá rí àwòrán oníhà mẹ́rin elétí pupa tí omi ti ń kán sórí ọwọ́ àti sórí irin tí àwọn méjèèjì sì ń jẹrà, ó lè jẹ́ pé sóòdù tàbí ásíìdì wà nínú rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń fọ ilẹ̀ ilé iṣẹ́. Èyí tí kò bá ní àwòrán náà, èmi a tún máa kán an síbi kọ́lọ́fín lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, n óò dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, bí kò bá yí àwọ̀ padà, a jẹ́ pé a lè jọ ṣiṣẹ́.

Kẹrosíìnì kò parí iṣẹ́. Òun náà máa ń fi ọ̀rá sílẹ̀, eruku á sì tún padà wá. Ọṣẹ ló ń kó àwọn méjèèjì lọ, torí pé ìhà kan lára rẹ̀ ń di ọ̀rá mú, ìhà kejì sì ń di omi mú. Ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́ lásán nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti tó. Ti ṣéènì ni mo ń fara balẹ̀ ṣe jù: n óò gbé alùpùpù sórí ìdúró rẹ̀, n óò máa fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀, n óò sì máa ti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ bọ àárín àwọn ẹyọ ṣéènì títí omi dúdú kò fi ní kán mọ́. Ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì kó lè bá yín yí i. Ṣéènì tó ń sáré a máa gé ìka. Lẹ́yìn náà ni mo ń nù ún gbẹ, tí mo sì ń kán epo gíà sí i lọ́jọ́ náà gan-an, torí pé ìpẹtà kì í pẹ́ dé sára ṣéènì tí a bọ́ epo lára rẹ̀. Ní ti bíréèkì, àpò ọ̀rá ni mo fi ń wé e kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ìkán kẹrosíìnì kan ṣoṣo lórí rẹ̀ lè jẹ́ kí alùpùpù má dúró níbi tí ẹ fẹ́ kó dúró.

Kẹrosíìnì tó ti di dúdú, n kì í dà á sílẹ̀, nítorí kànga wa kò jìnnà sí ibi tí mo ti ń fọ̀ ọ́. Inú ìgò kan tó ní ìdérí ni mo ń dà á sí. Bí ó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ẹrẹ̀ á ti jókòó sísàlẹ̀, n óò sì rọra da èyí tó mọ́ lókè sínú agolo mìíràn. Ó lè tún fọ ṣéènì bí ẹ̀ẹ̀mẹta kí n tó ra òmíràn. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ti ki ni mo ń fi èérún pákó fà mu, àyè ṣì kù nínú garawa tí mo ń kó o sí.