Bátìrì Ìyá Ìbejì Lójú Ọ̀sà

Bí ẹ bá mọ ẹnikẹ́ni tó fẹ́ràn fújì ju ẹ̀gbọ́n mi lọ, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí àwọn méjèèjì pàdé, torí àdúgbò tí wọ́n bá ti pàdé kò ní sùn. Bàbá Ìbejì là ń pè wọ́n. Bóòtù ni wọ́n ń wà, láti Ìpàkòdò ní Ìkòròdú sọdá ọ̀sà lọ sí Èkó, kí wọ́n tún kó èrò padà. Èmi ni mo ń gbowó, èmi ni mo ń pín jákẹ́ẹ̀tì, èmi náà ni mo ń bẹ àwọn alákọ̀wé pé kí wọ́n wọ̀ ọ́ sọ́rùn, a kò fún wọn láti fi ṣe ìrọ̀rí.

Ẹni tó bá ti jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kò ní béèrè ìdí tí èèyàn fi ń wọ bóòtù. Afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ sí yín lára, ẹ ó máa wo afárá Third Mainland lápá ọ̀tún, ẹ ó sì máa káàánú àwọn tó wà lórí rẹ̀. Bàbá Ìbejì wá fi fújì kún un. Wọ́n ní èrò tó bá ń gbọ́ ìlù kì í rántí pé òun ń bẹ̀rù omi. Sípíkà mẹ́rin ni wọ́n kàn mọ́ abẹ́ òrùlé bóòtù, amplifier sì wà lábẹ́ àga wọn.

Bátìrì kan ṣoṣo ló ń gbọ́ bùkátà gbogbo rẹ̀. Òun ló ń sítáàtì ẹ́ńjìnnì, òun náà ló ń kọrin. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kò séwu, torí ẹ́ńjìnnì á máa dá iná padà sínú rẹ̀. Ìgbà tí a bá dúró sí èbúté tí à ń retí èrò ni ìjọ̀ngbọ̀n ń bẹ̀rẹ̀. Bátìrì tí wọ́n ṣe fún sítáàtì, agbára ńlá ló máa ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó tún sinmi. Kò fara mọ́ kí èèyàn máa fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí méjì. Amplifier 400 watt lórí bátìrì volt 12 lè máa fa ampere tó lé ní 30. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bóòtù á kún tán, Bàbá Ìbejì á yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì á ṣe "kẹ́kẹ́kẹ́", ó parí. Orin náà á sì gbẹ́nu dákẹ́.

Wọn á wá ṣí orí ẹ́ńjìnnì, wọn á wé okùn mọ́ ọn, wọn á máa fà á. Ẹ́ńjìnnì 75 horsepower lẹ ń gbọ́ yẹn o! Lọ́jọ́ kan okùn já, Bàbá Ìbejì sì fẹ̀yìn balẹ̀ sórí itan ọ̀gá kan tó wọ kóòtù. Ọ̀gá náà kò bínú. Ó kàn béèrè lọ́wọ́ mi bóyá owó èèyàn méjì ni mo gbà lọ́wọ́ òun.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ okùn yìí sú gbogbo wa, réwáyà ní kò le rárá. Kí a wá bátìrì kejì, kó jẹ́ ti orin nìkan, kí ti ẹ́ńjìnnì gbájú mọ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Kó jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń lò fún inverter, tó lè máa fúnni níná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kí a fi í sínú àpótí, kí a dè é mọ́lẹ̀, kó jìnnà sí kẹ́ẹ̀gì epo. Kí fíúsì wà lẹ́nu wáyà rẹ̀, kí switch sì wà tí a ó máa fi pa á. Bàbá Ìbejì gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, èyí tí wọ́n rí mú níbẹ̀ ni "irú èyí tí wọ́n ń lò fún inverter", torí ọ̀kan wà nílé.

Ọ̀kan wà nílé lóòótọ́, àmọ́ ti Ìyá Ìbejì ni. Mínírà àti omi inú ọ̀rá ni ìyàwó wa ń tà. Ìjẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti lè pèsè iná tó tó megawatt 1,320 kò jìnnà sí wa, etí ọ̀sà kan náà ni, ṣùgbọ́n gbogbo Nàìjíríà ni wọ́n ń pín in fún, kí ó tó kan ṣọ́ọ̀bù ìyàwó wa, mínírà á ti hó. Owó èésú tí wọ́n kó ni wọ́n fi ra inverter àti bátìrì 200Ah, èyí tó ga, tó sì wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì lọ. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lọ sọ́jà ni ọkọ wọn ní kí n bá àwọn gbé e.

Mo ní, "Bùọ̀dá, fírísà ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Fírísà ò lẹ́nu."

Réwáyà fárí gá lórí fíúsì, ó ní láìsí i òun kò ní fọwọ́ kan wáyà, ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti switch, Bàbá Ìbejì ní, "Kí la fẹ́ fi ṣe? Ṣé èmi máa ń pa orin ni?" Bó ṣe so wáyà amplifier mọ́ bátìrì tààrà nìyẹn, láìgba ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́ kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Apá òsì nìkan ló láyè, lábẹ́ àga èrò, ibẹ̀ la gbé bátìrì sí. Ni bóòtù bá fì sápá òsì. Ní èbúté Èkó lọ́sàn-án, nígbà tí à ń kó èrò bọ̀ wálé, Bàbá Ìbejì wo inú bóòtù yíká, ojú wọn sì bọ́ sórí àwọn ìyá ọlọ́jà mẹ́ta kan tí Ọlọ́run fi ara jíǹkí.

"Ẹ̀yin màmá, ẹ dákun, ẹ bá mi bọ́ sápá ọ̀tún."

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Kí lẹ rí lára wa tó fi jẹ́ àwa lẹ ní ká dìde?"

Gbogbo bóòtù dákẹ́. Bàbá Ìbejì gbé itọ́ mì. "Ẹ̀yin lẹ níyì jù nínú bóòtù yìí, mà."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún gèlè ṣe, ó sì sún. Bóòtù dúró déédéé. Ẹ́ńjìnnì gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fújì ń dún lálá, inú ẹ̀gbọ́n mi dùn débi pé wọ́n ń fi èjìká jó lórí àga awakọ̀.

A ti jìnnà sí etídò nígbà tí orin ṣàdédé dákẹ́. Fóònù wọn ló ń dún, òun sì ni wọ́n fi Bluetooth so mọ́ amplifier. Bàbá Ìbejì tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé e sétí, wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Àwa ni à ń gbọ́. Láti inú sípíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin:

"BÀBÁ ÌBEJÌ! NÍBO NI BÁTÌRÌ MI WÀ?"

Gbogbo èrò gbójú sókè wo òrùlé.

"Háló?" ni Bàbá Ìbejì ń wí. "Háló?"

"Oníbàárà dá mínírà padà fún mi! Ó ní òun kò béèrè tíì!"

"Bátìrì wo?"

Ìyá ọlọ́jà wa bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àga òdìkejì. "Ṣé èyí tó wà lábẹ́ ibí yìí ni?"

"Ta nìyẹn? Obìnrin wo ló wà lọ́dọ̀ yín?"

"Èyí tó níyì jù nínú bóòtù ni," ni màmá dáhùn. "Ọkọ yín ló sọ bẹ́ẹ̀!"

Mo ní, "Bùọ̀dá, ẹ pa fóònù!" Wọ́n ní fóònù kọ́ ló ń pariwo, rédíò ni. Wọ́n sọ fóònù sápò, wọ́n wá yí kọ́kọ́rọ́ láti pa rédíò, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe látẹ̀yìn wá. Ẹ́ńjìnnì kú. Bóòtù dúró gbagidi sójú ọ̀sà, ariwo ẹ́ńjìnnì lọ, ohùn ìyàwó wa wá ń dún ketekete lórí omi. Apẹja kan tó ń tu ọkọ̀ rẹ̀ kọjá gbé àjẹ̀ sókè, ó tẹ́tí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yé e tán, ó kígbe pé, "Ọ̀gá, ẹ dá nǹkan onínǹkan padà o!"

"Ẹ gbọ́?" ni Ìyá Ìbejì wí. "Ará ibẹ̀, Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ yín!"

Apẹja ní àmín.

Ọ̀gá kan ló wá nawọ́ sápò Bàbá Ìbejì, ó bá wa pa ìpè náà. Kọ́kọ́rọ́ yí, ẹ́ńjìnnì gbà lójú ẹsẹ̀. Bàbá Ìbejì yíjú sí mi, òógùn bo gbogbo iwájú orí wọn, wọ́n ní, "Ṣé o rí i pé ó ṣiṣẹ́?"

Ìyá Ìbejì ti wà ní èbúté Ìpàkòdò kí a tó dé, àwọn àti alábàárù kan tí wọ́n ti san owó fún. Kò sí èrò kan tó dìde. Àwọn tó máa ń tì mí ṣubú nítorí àtitètè bọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́, gbogbo wọn jókòó wọ́ọ́rọ́wọ́. Bàbá Ìbejì rọra lọ dúró sí etí bóòtù lápá ọ̀tún, wọ́n ń ṣe bí ẹni ń tú okùn. Èmi àti alábàárù tú wáyà, a di bátìrì mú, a sì gbé e sórí pákó èbúté.

Kò sẹ́ni tó rántí pé àwọn màmá ṣì wà lápá ọ̀tún. Bóòtù fì, màmá mẹ́ta ké "Yéè!", Bàbá Ìbejì sì wà nínú omi. Omi ibẹ̀ kò ju ìbàdí lọ, jákẹ́ẹ̀tì sì wà lọ́rùn wọn, ṣùgbọ́n fóònù ṣì wà lápò.

Ìyá Ìbejì ti bàtà wọn sẹ́yìn kí omi má bàa ta sí i. Wọ́n wo ọkọ wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ibi tí ìsàlẹ̀ hàn dé.

"Ṣé ó tutù?"

"Ó tutù," ni Bàbá Ìbejì wí.

"Ẹ bá mi bu díẹ̀ bọ̀, oníbàárà ń dúró."