Ibà ní Kábà, ibà ní Họ́láńdì

Ní Họ́láńdì tí mò ń gbé, oògùn kì í tètè tẹ èèyàn lọ́wọ́. Bí ọ̀fun bá ń dun èèyàn tí ara sì ń gbóná, dókítà àdúgbò ló máa kọ́kọ́ rí. Ó lè gún un níka, kó fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan wo CRP, èròjà tí ẹ̀dọ̀ máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ bí ara bá ń bá àrùn jà. Bí kò bá pọ̀, á ní kó lọ lo parasitamọ́ọ̀lù, kó padà wá bí ara kò bá yá. Kò sì síbi tó ti máa ra oògùn apakòkòrò, èyí tó ń pa bakitéríà, láìsí ìwé dókítà. Inú máa ń bí àwa ọmọ Nàìjíríà: a ń san owó ìnṣọ́ránsì lóṣooṣù, parasitamọ́ọ̀lù la tún rí gbà!

Ní Kábà, ìlú àwa Okun ní ìpínlẹ̀ Kogí, kẹ́míìsì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá lọ. Ìyá á gbé ọmọ dé: "Ọ̀kún o. Ara ọmọ yìí ń gbóná láti àná." Olóògùn á gé ampisílìn mẹ́rin nínú páálí, á fi Flagyl méjì kún un, parasitamọ́ọ̀lù, oògùn ibà, á wé gbogbo rẹ̀ sínú bébà. Kì í ṣe ìwọ̀n ọmọ ló sọ ọ́ di mẹ́rin, owó tí ìyá so mọ́ etí ìró ni. Ẹni tí àdá bá ṣá lẹ́sẹ̀ lóko náà á tú kápúsù aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò, á da lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ sójú egbò.

Èyí léwu. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa òtútù àti ọ̀pọ̀ jù lọ ọ̀fun dídùn, bakitéríà sì ni ampisílìn ń pa, kò lè ṣe fáírọ́ọ̀sì ní nǹkan kan. Kòkòrò ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri náà kì í ṣe bakitéríà. Oògùn tí kò tó á pa bakitéríà tó rọ̀, á fi èyí tó le sílẹ̀ kó máa bí sí i. Alexander Fleming tó ṣàwárí pẹnisílínì, oògùn apakòkòrò, ní 1928 ti kìlọ̀ nípa èyí nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945. Ní 2019, wọ́n ṣírò pé bakitéríà tí oògùn ò ràn mọ́ pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.27 èèyàn lágbàáyé, ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ló sì burú jù.

Ọ̀rọ̀ taifọ́ọ̀dù ló ń dùn mí jù. Nílé, agbára káká la fi ń rí ẹni tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò tí wọn ò ní sọ fún pé "ibà àti taifọ́ọ̀dù" ni. Àyẹ̀wò Widal ni láàbù kéékèèké ń ṣe. Kì í ṣe bakitéríà ni Widal ń wá, ohun ìjà tí ara rọ láti fi bá a jà ló ń wá, ara kì í sì í tètè da ohun ìjà rẹ̀ nù. Àrùn tó ti lọ láti ọjọ́ pípẹ́, tàbí bakitéríà mìíràn tó jọ ọ́, lè mú kí èsì sọ pé taifọ́ọ̀dù wà. Wọ́n á wá máa gún èèyàn lábẹ́rẹ́ fún ohun tí kò ṣe é, ohun tó ń ṣe é gan-an á sì máa jà nìṣó. Èyí tó dájú jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí wọ́n gbin ẹ̀jẹ̀ náà sínú ìgò, kí wọ́n wo ohun tó máa hù. Ìyẹn ń gba ọjọ́ díẹ̀, ó sì ń fẹ́ iná tí kì í lọ.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé àìmọ̀kan ló ń ṣe àwọn èèyàn wa. Dókítà Họ́láńdì lè ní kí n dúró ná, torí bí ibà bá le lóru, nọ́ńbà wà tí mo máa pè, ẹnì kan á gbé e, ọkọ̀ á dé. Ìyá tó wá láti abúlé lọ́nà Ìsánlú, tí kò ní rí ọ̀kadà mọ́ bí ilẹ̀ bá ṣú, kí ló máa dúró dè? Ó ra ohun tágbára rẹ̀ ká kí ilẹ̀ tó ṣú.

Dídúró ti Họ́láńdì náà sì lè pa ọmọ Okun. Àgbàlagbà tí ẹ̀fọn ń jẹ láti kékeré, ara rẹ̀ ti kọ́ bó ṣe máa ki ibà mọ́lẹ̀, bí kò tiẹ̀ lè lé e lọ pátápátá. Téèyàn bá kúrò nílé fún ọdún mélòó kan, agbára ara yẹn á máa dín kù. Ibà tí ẹ̀gbọ́n mi máa gbé lọ sóko lè dá èmi dùbúlẹ̀. Torí náà, bí mo bá ń lọ sílé, mo máa ń lo oògùn tó ń dènà ibà, inú àwọ̀n ni mo sì ń sùn, kódà bí ẹ̀gbọ́n bá ń bi mí pé ṣé mo ti di òyìbó ni. Bí ara mi bá gbóná lẹ́yìn tí mo padà sí Họ́láńdì, mi ò kí ń dúró. Kí n tó jókòó lọ́dọ̀ dókítà ni mo ti máa ń sọ pé Nàìjíríà ni mo ti dé, kí wọ́n wo ibà nínú ẹ̀jẹ̀ mi lónìí. Irú ibà tó wọ́pọ̀ nílé, falciparum, lè gba ẹ̀mí láàárín ọjọ́ díẹ̀, dókítà tí kì í sì í rí i lè pè é ní òtútù. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ẹ sọ ibi tí ẹ ti dé fún un kí ó tó bi yín.