Bí wọ́n bá ní ẹ ní hepatitis B, tí ara yín sì le: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nílé wa ní Iléṣà

Bí ẹ bá lọ fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún aláìsàn, tí wọ́n wá ní àwọn ò lè gbà á nítorí hepatitis B, kòkòrò àìsàn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ẹ má kà á sí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ lásán. Ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ yín ni. Ẹ bi wọ́n níbẹ̀ pé níbo lẹ ó ti rí dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀dọ̀, kí ẹ sì lọ. Bí ẹ ò bá ní ka ìyókù, ẹ ṣáà di ìyẹn mú.

Káfíńtà ni ẹ̀gbọ́n mi tí mo tẹ̀ lé. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ bímọ, wọ́n ní kó wá fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n dá a padà, kò sì sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un. Ó délé, ó ní, “Àbúrò, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi ò dáa.” Ó padà sídìí iṣẹ́. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń gbé pákó tí ọkùnrin méjì ń gbé. Kí ni à bá wí fún un?

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ìrora kan tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìhà rẹ̀ lápá ọ̀tún. Ó ní iṣẹ́ ló fà á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Bó bá jẹ òkèlè díẹ̀, inú rẹ̀ á ti kún. Nígbà tó yá, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, ikùn rẹ̀ wú. Àwọn kan ní ibà ni, wọ́n se àgbo fún un. Àwọn mìíràn ní wọ́n fi nǹkan sóúnjẹ fún un níbi ìnáwó, wọ́n sì ń dárúkọ àwọn tó bá a jókòó. Scan ló fi hàn pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni, kókó náà sì ti tóbi ju ohun tí iṣẹ́ abẹ lè yọ lọ. Kò tí ì pé ẹni àádọ́ta ọdún nígbà tó kú.

Ọ̀rọ̀ pé wọ́n fi nǹkan sóúnjẹ fún un yìí ń dùn mí títí dòní, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ẹbí wa ká. Dókítà ló là á yé wa. Inú ẹ̀dọ̀ kì í mọ ìrora. Awọ tó bo ẹ̀dọ̀ ló mọ̀ ọ́n, kókó sì gbọ́dọ̀ dàgbà kó tó na awọ náà. Ìdí nìyẹn tí àìsàn náà fi ń jọ ohun tó dé lójijì. Ó ṣeé ṣe kí kòkòrò náà ti wà lára rẹ̀ láti kékeré. Ọmọ ọwọ́ tó bá kó hepatitis B, bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni ara wọn kì í lè lé e jáde. Àgbàlagbà tó bá kó o, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni ara wọn á lé e lọ. Kòkòrò náà sì lè so mọ́ àbùdá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, kó sọ ọ́ di jẹjẹrẹ láìjẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ti kọ́kọ́ le gbagidi. Torí náà, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ará ilé, ẹ kọ́kọ́ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí gbogbo wa lọ ṣàyẹ̀wò hepatitis B. Ìyá wa ní in. Èmi ní in, àbúrò wa obìnrin náà ní in. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò ní in. Ẹ̀yìn 2004 ni wọ́n bí wọn, ọdún tí Nàìjíríà fi àjẹsára hepatitis B kún abẹ́rẹ́ ọmọdé, ìyá wọn sì rí i pé wọ́n gbà á pé.

Ti ìyàwó náà ló yà wá lẹ́nu jù. Àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe, HBsAg, ní kò sí. Èkejì, anti-HBc, ní kòkòrò náà ti wọ ara rẹ̀ rí. Dókítà ní díẹ̀ lè ṣì fara pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀, àti pé oògùn jẹjẹrẹ tàbí oògùn tó ń dín agbára ìdáàbòbò ara kù lè jí i. Ó ní kó máa sọ ọ́ fún dókítà èyíkéyìí tó bá fẹ́ fún un nírú oògùn bẹ́ẹ̀. Irú èyí tó sá pamọ́ yìí náà máa ń wà lára àwọn kan tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀.

Èmi ń lọ fún scan ẹ̀dọ̀ ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, wọ́n sì máa ń fa ẹ̀jẹ̀ wò fún ohun kan tí wọ́n ń pè ní AFP, tó lè pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ bá wà. Owó ni, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n kókó tí wọ́n bá rí nígbà tó ṣì kéré ṣeé yọ. Mò ń lo tenofovir, oògùn tó ń ká kòkòrò náà lọ́wọ́ kò. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní hepatitis B ló nílò oògùn, àyẹ̀wò ló ń sọ ẹni tó nílò rẹ̀. Wọ́n ń lo oògùn yìí fún HIV pẹ̀lú, torí náà bí ẹnìkan bá rí i nínú àpò yín, ó lè bẹ̀rẹ̀ àhesọ. Ẹ má tìtorí ẹnu ayé jù ú nù. Ẹni tó bá dá a dúró láìsọ fún dókítà, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè dàrú. Oògùn náà ń dín ewu jẹjẹrẹ kù, kò mú un kúrò pátápátá, ìdí nìyẹn tí scan kò fi dáwọ́ dúró.

Mo ti fi ọtí sílẹ̀. Ẹ̀pà tí mo bá rà lọ́jà Atákúnmọ́sà, mò ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó bá bu tàbí tó korò, mo dà á nù, torí májèlé tó wà nínú ẹ̀pà àti àgbàdo tó bu, aflatoxin, àti hepatitis B jọ ń ṣiṣẹ́ ibi kan náà lára ẹ̀dọ̀ ni. Yíyan ẹ̀pà lórí iná kì í pa májèlé náà tán.

A jọ ń jẹun nílé wa, a jọ ń mu omi nínú ife kan. Kì í gba ibẹ̀ ràn. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà, àti ìbálòpọ̀, àti ọ̀dọ̀ ìyá sọ́mọ nígbà ìbí. Abẹ ìfárí, abẹ gbẹ́rẹ́, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, olúkúlùkù ní tirẹ̀. Kòkòrò náà lè wà láàyè níta ara fún ọjọ́ méje. Ọkọ tàbí aya tí kò bá tí ì ní in, abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́ta ló máa gbà: lónìí, lẹ́yìn oṣù kan, àti ní oṣù kẹfà.

Àbúrò mi bí ọmọ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Kí ọjọ́ ìrọbí tó dé ló ti sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé òun ní hepatitis B, wọ́n sì fún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ẹ̀yin aboyún, láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti bèèrè fún abẹ́rẹ́ náà, ẹ má dúró de ọjọ́ ìkómọ. Ìyókù á tẹ̀ lé e ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Bí ìyá bá ní in, ẹ gbé ọmọ padà lọ fún àyẹ̀wò lẹ́yìn tó bá ti pé oṣù mẹ́sàn-án, kí ẹ mọ̀ bóyá àjẹsára náà ṣiṣẹ́ lára rẹ̀.